Rírà Fọ́ọ̀mù Kọ́ Ni Ìmúrasílẹ̀: Ọ̀rọ̀ sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ tí Ẹ Ń Lọ Kọ́ Sàíkọ́lọ́jì Ẹ̀kọ́

 

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí lè dùn mọ́ àwọn kan, ó sì lè korò létí àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé ewúro korò kí a má fi se ọbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Lọ́dọọdún, bí àwọn yunifásítì Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Èkó àti Ìlọrin bá ti kéde pé àyè ti ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri. Àwọn kan nínú wọn á yan sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́, ìyẹn ìmọ̀ tí ó ń wádìí bí ọmọ ènìyàn ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó ń ràn án lọ́wọ́ àti ohun tí ó ń dí i lọ́nà. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi yàn án, kí ẹ gbọ́ èsì. Ọ̀kan á ní, "Iṣẹ́ ni kò sí, n kò kàn fẹ́ jókòó sílé lásán ni." Èkejì á ní, "Wọ́n ní kò le tó àwọn ẹ̀kọ́ yòókù." Ẹ̀kẹta á ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ iwájú." Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó dárúkọ ọmọ.

Ibi tí ìjà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ọmọ tí ìwé ń yọ lẹ́nu rí, tí kò sì ṣetán láti kọ́ ìṣirò tí a fi ń mọ òṣùwọ̀n tòótọ́ yàtọ̀ sí èké, kò tíì múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ì báà ra fọ́ọ̀mù mẹ́wàá. A kò ní kí ó má lọ o. A ní kí ó múra kí ó tó lọ.

ỌMỌ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan ní praimárì kẹrin. Àádọ́ta tàbí ọgọ́ta ọmọ ni wọ́n há sínú kíláàsì kan ṣoṣo. Olùkọ́ pè é pé kí ó dìde kàwé. Ó dìde, ó tẹjú mọ́ ìwé, ó dákẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní olódo ni. Nígbà tí ó délé, bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, eré ló ń ká a lára. Ìyá àgbà ní ayé ló ń ṣe é. Ní ilé-kéwú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, pàṣán ni wọ́n fi ń bá a wí. Kò ní í pẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yóò fi gbà pé orí òun kò pé. Bí ó bá sì ti gbà á báyìí, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀?

Ó dára, ta ni ó ti yẹ̀ ẹ́ wò? Bóyá ojú rẹ̀ ni kò ríran dé ara pátákó. Bóyá etí rẹ̀ kan ni kò gbọ́ràn dáadáa. Bóyá inú ebi ni ó ń jí wá sílé-ẹ̀kọ́. Bóyá èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni kò yé e. Bóyá ẹ̀rù pàṣán ni ó ti gbà á lọ́kàn, tí ohun tí ó mọ̀ pàápàá fi ń sá fún un. Bóyá ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó máa ń ṣòro fún láti so lẹ́tà inú ìwé pọ̀ mọ́ ìró wọn, bí ọpọlọ wọn tilẹ̀ dá ṣáṣá. Dyslexia ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láti ọdún 1896 ni dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pringle Morgan, ti kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan tí ó já fáfá nínú ohun gbogbo, àfi ìwé kíkà nìkan.

Ìdí mẹ́fà nìyẹn, oògùn wọn kò sì jọra. Ẹni tí ojú ń dùn, awò ló nílò. Ẹni tí ebi ń pa, oúnjẹ ló nílò. Ẹni tí èdè ń dí lọ́nà, ẹ sọ èdè tí ó gbọ́ fún un. Ẹni tí ó ṣòro fún láti so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró, ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà kọ́ ọ ní díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Pàṣán kò sí nínú ọ̀kankan. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ ni láti ya ìdí wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì sọ fún òbí àti olùkọ́ ohun tí wọn yóò ṣe. Bí ó bá ṣìnà níbẹ̀, ìgbésí ayé ọmọ ọlọ́mọ ni ó ṣì ṣe. Ṣé irú iṣẹ́ yìí ni a ó wá sọ di ibi ìsádi fún ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn?

IRINṢẸ́ LỌ́WỌ́ ẸNI TÍ KÒ MỌ̀ Ọ́N LÒ

Ẹnì kan lè ní, "Kí ló tún ń le tó báyìí? Bí mo bá ti wọlé, wọn yóò kọ́ mi." Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí ojú àwọn ọmọ ti rí láti ọwọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ ní yunifásítì.

Ní ọdún 1905 ní ìlú Paris, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò kan jáde. Ìjọba ilẹ̀ Faransé ni ó fẹ́ mọ àwọn ọmọ tí ó yẹ kí a ṣe ìrànlọ́wọ́ àkànṣe fún. Binet kò sọ pé ìdánwò òun lè díwọ̀n ohun tí Ọlọ́hun fi sí orí ọmọ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó gbà pé bí a bá ran ọmọ lọ́wọ́, yóò tẹ̀síwájú. Binet kú ní 1911. Ní 1916, Lewis Terman ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà tún ìdánwò náà ṣe. Nígbà tí ó yá, ohun tí a ṣe láti fi wá ọmọ tí a ó ràn lọ́wọ́ di ohun tí wọ́n fi ń to ènìyàn ní ìpele ìpele, tí wọ́n sì fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan.

Ní 1971, Bernard Coard, ọmọ ilẹ̀ Grenada tí ó ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwé kan jáde. Ó fi hàn nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí òbí wọn wá láti erékùṣù Caribbean lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò tó, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dán wọn wò, èdè tí wọ́n fi bi wọ́n léèrè àti ojú tí olùkọ́ fi ń wò wọ́n ni kò bá wọn mu. Ní 1979, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Larry P., ó sì dá ìjọba lẹ́kun pé kí wọ́n yéé fi ìdánwò ọpọlọ kó àwọn ọmọ dúdú sí kíláàsì àwọn tí wọ́n ní orí wọn kò pé.

Àwọn tí ó fi ọwọ́ sí ìwé tí ó kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ kì í ṣe púrúǹtù. Olóyè ni wọ́n, wọ́n ní ìwé-ẹ̀rí. Ìwé-ẹ̀rí wọn kò gba ọmọ kankan là.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan nìyẹn. Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Mùsùlùmí ọmọ Èkó, ẹni tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, tí ó sì di olóògbé ní 2010. Ní 1970 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n mókè jù wọ́n lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọmọ tí wọ́n bi ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó dákẹ́, bí a bá bi í ní Yorùbá, ó lè rojọ́ débi pé a ó ní kí ó sinmi? Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ yẹ ọmọ wò, tí kò lè sọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta tí ó já gaara, báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá ọmọ ni kò mọ ìdáhùn tàbí ìbéèrè ni kò yé e? Báwo ni yóò ṣe ṣàlàyé fún ìyá ọmọ náà?

ÌMÚRASÍLẸ̀ TÍ Ó JẸ́ TÒÓTỌ́

Àkọ́kọ́, ẹ lọ jókòó ti ọmọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kọ́kọ́ béèrè orúkọ bàbá ẹni. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní oyè sàíkọ́lọ́jì tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ náà fọwọ́ sí, ó sì gbọ́dọ̀ ti bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán. Láti 2006 ni ó ti di ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́dún mẹ́ta, láti 2009 ni òfin sì ti de orúkọ iṣẹ́ náà: ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí nílé-ẹ̀kọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wákàtí 1,200 kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́, kí 600 nínú rẹ̀ ó kéré tán sì jẹ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ìwé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí a má béèrè ju ìwé lọ́wọ́ ara wa?

Àyè rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ̀yin agùnbánirọ̀ tí wọ́n fi sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ẹ ń wá ọ̀nà àtisá kúrò ní kíláàsì, ẹ mọ̀ pé ìwé ọ̀fẹ́ ni ẹ ń sá fún. Ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ni ní ilé-kéwú ní òpin ọ̀sẹ̀ ní ọmọ mẹ́wàá níwájú rẹ̀ tí ó lè máa ṣàkíyèsí. Ìlú Ọ̀yọ́ kò jìnnà. Ibẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1977 láti kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ afọ́jú, adití àti àwọn ọmọ mìíràn tí ó nílò ìtọ́jú àkànṣe. Ẹ wá ọ̀nà bá irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì ra ìwé pélébé kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. "Ọ̀lẹ ni" kì í ṣe ohun tí ojú rí. "Ó wo ojú fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ogún ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n nígbà tí a mú un wá síwájú, kò wò ó mọ́," ohun tí ojú rí nìyẹn, òun ni ó sì lè mú wa dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú.

Ìkejì, ẹ yéé sá fún ìṣirò. Àwọn kan ti ń tan ara wọn pé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́. Irọ́ gbáà ni. Bí ẹ bá dé inú ẹ̀kọ́ másítáàsì, sìtátísíìkì ni yóò kọ́kọ́ kò yín lójú, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ máa ń wólẹ̀ sí. Ẹ wo kóńgò tí ìyá oníjà gàrí fi ń wọn ọjà. Bí wọ́n bá ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, bí ẹ bá wọn gàrí nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, iye kan náà ni yóò máa bá yín lọ sílé. Kò yẹ̀ rárá, síbẹ̀ kì í ṣe òtítọ́, nítorí pé kò pé kóńgò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdánwò rí. Ìdánwò lè mú èsì kan náà jáde lónìí àti lọ́la, kí ó má sì díwọ̀n ohun tí a ní ó ń díwọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò fi kóńgò títẹ̀ wọn ọpọlọ ọmọ, yóò sì fi kálàmù pupa kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ tún wo èyí. Kíláàsì méjì ṣe ìdánwò, ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì jẹ́ 50. Ní kíláàsì kìíní, láti 45 dé 55 ni gbogbo wọn gbà. Ní kíláàsì kejì, ìdajì gba 90, ìdajì gba 10. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n? Ìpíndọ́gba nìkan kò lè sọ fún yín pé ìdajì kíláàsì kan ti ń rì sómi. Ẹ tún lè rí i ní ilé-ẹ̀kọ́ kan pé àwọn ọmọ tí ó wọ bàtà tí ó dára ń gba máàkì ju àwọn tí bàtà wọn ti gbó lọ. Ṣé bàtà ni ó ń kàwé ni? Owó ilé ni ó ra bàtà, òun náà ni ó ra ìwé àti oúnjẹ àárọ̀. Ẹni tí ó bá mọ nǹkan wọ̀nyí kò ní í tètè dá ọmọ lẹ́jọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wọlé, ẹ wá ìwé ìṣirò ọdún kejì sẹ́kọ́ńdírì tí ẹ ti sọ nù, ẹ tún un kà. Ẹ wá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kí ó kọ́ yín. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ kọ́ bí a ti ń kàwé àti bí a ti ń kọ̀wé. Ẹ̀kọ́ yìí kò lè ṣe kí ẹ má kọ àpilẹ̀kọ ìwádìí. A gbọ́, gbogbo yín náà sì gbọ́, pé àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó láti báni kọ iṣẹ́ ìwádìí láti orí kìíní dé ìkarùn-ún, tí wọ́n sì ń hùmọ̀ nọ́ńbà láì dé ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí a pe ọ̀bẹ ní ọ̀bẹ: olè ni, irọ́ ni, kò sì sí fátúwà tí ó lè sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Bí ọmọ ilé-ìwé bá wo ìwé oníwèé nínú ìdánwò, ara rẹ̀ ni ó tàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó hùmọ̀ àbájáde nípa àwọn ọmọ, tí olùkọ́ kan lọ kà á, tí ó sì gbà á gbọ́, àwọn ọmọ tí kò rí rí ni ó ṣe níkà. Bí ẹ kò bá tíì lè kọ ojú ewé márùn-ún fúnra yín láì da ti ẹlòmíràn kọ, ìyẹn ni kí ẹ fi ọdún yìí kọ́.

Ìkẹrin, ẹ to ìwé yín. Ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ yìí wà lábẹ́ ẹ̀ka ìtọ́nisọ́nà, ibòmíràn wà tí ó wà lábẹ́ ẹ̀ka ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má baà wọ ọkọ̀ Ìlọrin nígbà tí Èkó ni ẹ ń lọ. Ẹni tí oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ọ̀pọ̀ ibi ni yóò ti béèrè PGDE lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àṣelé ìsìn ilẹ̀ bàbá ńkọ́? Ìwé máàkì tí yunifásítì yín àtijọ́ yóò fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ó máa ń pẹ́, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù yóò tì. Àwọn olùkọ́ tí yóò jẹ́rìí yín, ṣé wọ́n mọ̀ yín ju orúkọ lọ? Ẹ wá àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n ti kọ, kí ẹ mọ ẹni tí ó lè darí irú ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn yín. Bí kò bá sì sí ìbéèrè kankan lọ́kàn yín, ẹ padà lọ sí ti àkọ́kọ́: ẹ lọ jókòó ti ọmọ. Ìbéèrè yóò wá fúnra rẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ kọ́ bí a ti ń pa àmánà mọ́. Oníṣẹ́ yìí yóò mọ̀ pé ọmọ kan ń tọ̀ sílé, pé ilé kan ń jà, pé bàbá kan kò mọ̀wé kà. Ẹni tí kò lè pa àṣírí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ di ọ̀la, kí ó jọ̀wọ́ wá iṣẹ́ mìíràn. Kí ó sì ti mọ̀ láti ìsinsìnyí pé a kì í dán ọmọ wò, a kì í fi ọmọ ṣèwádìí, láì gba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÍ YÓÒ TAKÒ WÁ

Àwọn kan á ní, "Ebi ń pa wá, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀." A kò bá ẹni tí kò níṣẹ́ jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ẹni tí ó bá fi ọdún méjì àti owó òbí rẹ̀ gba oyè láì gba iṣẹ́ ọwọ́, ojú títì kan náà ni yóò padà sí, ìwé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò ti gùn sí i. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní ibi tí a ti ń wá a. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1977 ti fi ìtọ́nisọ́nà sí ara iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́; ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́nisọ́nà ti wà láti 1976. Àjọ WAEC tí ó ti wà láti 1952 kò lè ṣe kí ó má lo àwọn tí ó mọ bí a ti ń ṣe ìdánwò. Ní oṣù kìíní 2019, ààrẹ fi ọwọ́ sí òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, ẹ̀tọ́ wọn sí ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò ní olùtọ́nisọ́nà kankan, ibi tí ó sì ti wà, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ń fún un kọ́. Ìjọba jẹ̀bi níbẹ̀, a ó sì máa sọ ọ́ títí wọn yóò fi gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá dìde lọ́la tí ó ní, "Ó yá, ẹ kó àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wá," ta ni a ó kó lọ? Ṣé ẹni tí ó ra àpilẹ̀kọ rẹ̀ ni?

Àwọn mìíràn á ní ìmọ̀ òyìnbó ni, kò kan Mùsùlùmí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ béèrè ẹni tí ó ń jẹ́ Ibn Khaldun, tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332. Nínú ìwé rẹ̀ Muqaddimah, tí ó kọ ní 1377, ó ṣàlàyé pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń gbé ìmọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ, ó sì sọ pé ìfìyàjẹ àti ìkanra ń ba ọmọ jẹ́: ó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ó ń kọ́ ọ ní irọ́ pípa àti àgàbàgebè nítorí ìbẹ̀rù ọwọ́ tí ó ń lù ú. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí ó ti kọ èyí kí Binet tó gbé ìdánwò jáde. Olùkọ́ ilé-kéwú tí ó bá sọ pé pàṣán ni àṣà àwọn ẹni ìṣáájú, kò tíì ka àwọn ẹni ìṣáájú dé ìdí ni.

ẸJỌ́ WA PẸ̀LÚ Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́. Bí ọmọ yín bá ní sàíkọ́lọ́jì ẹ̀kọ́ ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má sọ pé, "Ṣé Aró ni o fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ni?" Iṣẹ́ àwọn dókítà Aró níyì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ má sì sọ pé bí kò bá ti jẹ́ dókítà tàbí lọ́yà, àṣedànù ni. Dókítà tí ẹ ń fẹ́ yìí, inú kíláàsì praimárì kẹrin ni yóò ti jáde, bí a kò bá kọ́kọ́ pa á níbẹ̀.

Àwọn tí ó ní kí ọmọbìnrin kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ, kí ó gbàgbé másítáàsì, àwọn náà ni ìyàwó wọn ń wá obìnrin tí yóò finú hàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ bá tojú sú u. Ìgbéyàwó àti ìmọ̀ kò bá ara wọn jà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí ìyá kan kò ní í sọ fún ọkùnrin, yóò sọ ọ́ fún wọn.

Ní ti ọmọ tí ó wà nílé yín tí kò lè kàwé, àdúà dára, ẹ máa ṣe é. Àdúà kò ní kí ẹ má gbé e lọ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò lọ́la. Kí orúkọ náà, olódo, sì kúrò lẹ́nu yín láti òní lọ. Orúkọ ń ro ọmọ.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó BẸ̀RẸ̀

A kì í fi ọ̀rọ̀ bá ènìyàn jà kí a má fi ọ̀nà hàn án. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa lè ṣe nǹkan mẹ́ta láì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Kí wọ́n pín àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí sí àwọn ilé-kéwú àti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ wọn, kí wọ́n fi odidi ọdún kan ran àwọn ọmọ tí ìwé ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́, lójú olùkọ́ wọn. Kí wọ́n wá olùkọ́ ìṣirò kan láàárín ìjọ, kí ó máa kọ́ wọn ní sìtátísíìkì ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àsárì. Kí wọ́n sì máa pàdé lóṣooṣù, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ka ojú ewé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síta, kí àwọn yòókù sì bi í ní ìbéèrè. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún ọdún kan, tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kí ó lọ ra fọ́ọ̀mù rẹ̀, kí gbogbo ìjọ sì dá owó fún un. Ẹni tí ó bá sá lẹ́yìn oṣù méjì ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè, ó sì ti gba àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọmọ praimárì kẹrin yẹn kò mọ̀ pé fọ́ọ̀mù wà níta. Ohun tí ó mọ̀ ni pé lọ́la, wọn yóò tún pe orúkọ òun pé kí òun dìde kàwé.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe ẹ̀dá láǹfààní, kí Ó má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe àṣìṣe wa. Àmín.